Orin Tí Wọ́n Fi Bú Lebene

Ní ìlú wa, ẹni tó bá fẹ́ bú ọ kì í bú ọ lójú ọ̀nà. Yóò lọ fi ọ́ kọ orin. Yóò fi oṣù méjì tàbí mẹ́ta kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ ní orin náà títí kò fi ní sí ẹni tó máa ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ìgò ọtí kan ránṣẹ́ sí ọ pé kí o jọ̀ọ́ wá gbọ́. O ò sì gbọdọ̀ kọ̀. Wàá wẹ̀, wàá wọ aṣọ tó dára, wàá lọ jókòó síwájú àwọn tó ń bú ọ, wàá sì gbọ́ ọ dópin. Ẹni tó bá dìde kí orin tó parí, tàbí tó sọ̀kò èsì, àgbò kan ni àdúgbò rẹ̀ máa fi san án. Halo là ń pe eré náà.

Àdúgbò méjì la jẹ́. Àwọn apẹja ló wà ní Apá Òkun. Àwa tí à ń gbin àlùbọ́sà la wà ní Apá Ọ̀sà. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé òun rántí ohun tó dá ìjà wa sílẹ̀, irọ́ ló ń pa. Èmi gbọ́ pé orí màlúù tí wọn ò pín dáadáa níbi ìsìnkú kan ni. Ìyá mi ní rárá o, obìnrin Apá Òkun kan ló sọ pé ẹsẹ̀ obìnrin Apá Ọ̀sà kan rí bíi ti alákàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti di ọdún kẹrin nígbà náà tí a ti ń bú ara wa, ó sì ti mọ́ wa lára. Wọ́n ti fi orí bàbá mi kọrin rí, pé ó rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ. Nígbà tí a délé, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Lebene ni Ìyá Orin wa. Ó ga, ó dúdú, ó ti tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà náà, kò sì sí ẹni tó mọ àlùbọ́sà tọ́jú tó o ní gbogbo etí ọ̀sà. Fiagbe ni akéwì wa, òun ló ń kọ àwọn orin, ṣùgbọ́n Lebene ló ń gbé wọn jáde. Orí àpótí gbígbẹ́ kan báyìí ló máa ń jókòó sí, níwájú gbogbo obìnrin, pẹ̀lú ìrù ẹṣin funfun lọ́wọ́. Tó bá ti na ìrù yẹn sókè, ogójì obìnrin la máa pa ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi Kosiwa, apá ọ̀tún rẹ̀ ni mo máa ń wà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tèmi àti tirẹ̀.

Akéwì Apá Òkun ń jẹ́ Kpodo. Ọkùnrin kúkurú kan báyìí ni, tó ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Lọ́dún yẹn, a ò rí Kpodo fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọ́n ní ó wọ ọkọ̀ ojú omi gba odò Volta lọ sókè lọ́hùn-ún, ó ń bi àwọn arúgbó léèrè ọ̀rọ̀.

Fiagbe ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ̀fọn á jẹ ẹ́ kú sọ́nà."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fọn ò pa á. Ó padà dé, ó sì fi ìgò ọtí ránṣẹ́.

Ọ̀sán ni a lọ, oòrùn mú gan-an. Kpodo jáde sí àárín agbo, ó wo Lebene, ó tẹrí ba fún un bí ẹni tó ń kí ọba, ó sì bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ bá mi bi Ìyá Orin Apá Ọ̀sà léèrè,
Ẹ ní èló ni wọ́n ń ta ìyá àgbà ẹni?
Agbọ̀n iyọ̀ mẹ́ta lọ́jà Salaga,
Wọn ò tilẹ̀ kún dẹ́nu!
Okùn ni wọ́n fi fà á wọ̀lú,
Ọmọ iyọ̀ wá ń na ìrù ẹṣin sí ọmọ onílé."

Ní ìlú wa, o lè pe ènìyàn ní olè nínú orin. O lè pè é ní àjẹ́, o lè ní ó ń tọ̀ sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọba àtijọ́ ti kà léèwọ̀ pé kí ẹnì kankan má fi pe ọmọlàkejì rẹ̀. Ẹrú ni. Kpodo ò pè é. Iyọ̀ ló pè. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí àwọn obìnrin Apá Òkun gbe orin náà, ohùn wọn ò dé òkè. Ó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ní ẹ̀ẹ̀kejì ó lọ sókè díẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ti ń jó sí i.

Lebene ò mira. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ìrù ẹṣin wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára Kpodo gbọnrangandan. Lórí àga àwọn ọkùnrin, Agbesi ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Enyo ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, fi aṣọ bo ojú, ó dìde láàárín àwọn wúńdíá ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì sá lọ. A mọ̀ pé àgbò kan ti lọ nìyẹn.

Èmi ńkọ́? Mo fẹ́ di ọwọ́ Lebene mú. Ohun tí mo ṣe ni pé mo sún ara mi díẹ̀ sí ọ̀tún, kí aṣọ tèmi má baà kan tirẹ̀. Kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ó mọ̀.

Tí wọ́n bá bú wa tán, ẹ̀rín la máa ń rín lọ sílé, tí a ó máa sín ara wa jẹ. Lọ́jọ́ yẹn, Lebene ń lọ níwájú lóun nìkan, àwa tó kù ń tẹ̀ lé e lókèèrè bí ẹni tó ń tẹ̀ lé òkú.

Ní ọjọ́ kẹta, Togbui Avege, olórí àdúgbò wa, àti àwọn àgbà méjì wá sílé rẹ̀. Mò ń lọ ata ní ẹ̀yìn ògiri. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Lebene," ni Togbui wí, "ìwọ náà mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú wa sí ọ."

"Ẹ jókòó, Togbui. Ẹ mu omi."

"A ti mu ún. Ọ̀rọ̀ àdúgbò ni, kì í ṣe tìẹ nìkan. Ó máa kàn wá láìpẹ́ láti dá wọn lóhùn. Tó bá jẹ́ ìwọ ló wà níwájú, ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ni wọn á máa fi rẹ́rìn-ín, wọn ò tilẹ̀ ní gbọ́ orin wa. Jẹ́ kí ẹlòmíì bá ọ jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀."

"Ìgbà díẹ̀ yẹn á tó ìgbà wo?"

"Títí ọ̀rọ̀ á fi tutù ni."

"Ṣé Kpodo ló ní kí n dìde?"

"Rárá o!"

"Ta ló wá ní kí n dìde, Togbui?"

Mo gbọ́ tí wọ́n fa àpótí náà nílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà gbé e lé èjìká, wọ́n sì gba àárín oko àlùbọ́sà kọjá ní ojú gbogbo ènìyàn, ní àsìkò tí àwọn obìnrin ń bomi rin ebè. Gbogbo wọn nàró. Korobá omi wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wò.

Ilé mi ni wọ́n gbé e wá. Mo sì gbà á.

Mo ti dágbà báyìí, n ò ní parọ́ nítorí ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ara mi pé bí n kò bá gbà á, wọn á gbé e fún obìnrin tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní mò ń bá a pa á mọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó lé e, inú mi sì dùn. Orin Kpodo burú, ṣùgbọ́n ọ̀tá ló kọ ọ́, ọ̀tá kì í sì í kọ orin oríkì fún ni. Ohun tó dójú ti Lebene ni pé àwa tirẹ̀ gbọ́ orin náà, a sì gbà pé ó tọ́ sí i.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó lọ bá Tasi rẹ̀. Tasi là ń pe arábìnrin bàbá ẹni. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, eyín méjì péré ló kù lẹ́nu rẹ̀, ó jókòó sójú oòrùn ó ń jẹ abolo tí a fi àgbàdo ṣe pẹ̀lú ẹja díndín, ó ń fi omi ata rọ̀ ọ́.

"Tasi, ṣé òótọ́ ni?"

"Èwo?"

"Ẹ má bi mí ní èwo. Orin yẹn."

Tasi jẹ òkèlè ẹnu rẹ̀ tán. Kò kánjú rárá.

"Mẹ́rin ni," ó ní.

"Kí lẹ wí?"

"Agbọ̀n iyọ̀ mẹ́rin. Kpodo ò tilẹ̀ mọ iye rẹ̀. Gbogbo ibi tó lọ yẹn, mẹ́ta ló gbọ́ bọ̀. Mẹ́rin ni, wọ́n sì kún dẹ́nu. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Bàbá mi gbé iyọ̀ lọ sí Salaga láti lọ ra aṣọ, ó gbé ọmọbìnrin bọ̀."

Lebene jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mama Dze ni gbogbo ayé mọ ìyá àgbà rẹ̀ sí. Mama ni ìyá àgbà lédè wa, Dze ni iyọ̀.

"Mo rò pé torí pé wọ́n ń ta iyọ̀ ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

"Ta iyọ̀ kẹ̀? Kò ta iyọ̀ rí. Ọbẹ̀ tirẹ̀ gan-an, kì í fi iyọ̀ sí i. Ó ní òun ti jẹ ẹ́ tó."

"Kí wá ni orúkọ wọn gan-an?"

Tasi nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ.

"Lamisi," ó ní. "N ò tíì pe orúkọ yẹn láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Ọjọ́bọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tó ti wá. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wẹ̀, á fi òróró para, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á kọjú sí òkè lọ́hùn-ún. Kò ní bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi gòkè. Bàbá mi gan-an ò gbọdọ̀ pè é."

"Ṣé wọ́n ń nà wọ́n?"

Tasi rẹ́rìn-ín tó fi hàn pé eyín méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. "Lamisi? Ọ̀sẹ̀ tó dé, ìyálé ní kó wá kúnlẹ̀ gbé omi fún òun. Ó dúró, ó nawọ́ omi sí i, ìyálé kọ̀ ọ́. Wọn ò fún un lóúnjẹ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dúró, ó nawọ́ omi. Wọn ò tún fún un lóúnjẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì dúró. Òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyálé. Ó gba omi náà, ó mu ún."

"Ẹ ò sọ fún wa rí, Tasi. Ṣé ojú ń tì yín ni?"

"Ojú ń tì mí. Àádọ́rin ọdún ni ojú fi ń tì mí." Arúgbó náà yẹjú. "N ò sì mọ ìdí rẹ̀. Bàbá mi ló rà á, òun ni ojú ò tì. Wọ́n sin ín pẹ̀lú ìbọn yíyìn."

Nígbà tí Lebene padà délé, Enyo ń dúró dè é. Ọmọ náà ò tíì jáde síta láti ọjọ́ orin náà. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ìyá mi, Fiagbe ti wá síbí. Ó ti ń kọ orin tó máa sọ pé irọ́ ni Kpodo ń pa. Ó ní ẹ̀yin ṣáà jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé irọ́ ni."

"Kì í ṣe irọ́."

"Ẹ ṣáà sọ pé irọ́ ni! Ta ló máa mọ̀?"

"Enyo, wọ́n ti ta obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá ní n ò mọ̀ ọ́n rí, mo ti tún un tà nìyẹn. Tèmi á tilẹ̀ burú jù. N ò ní rí iyọ̀ kankan gbà."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Lamisi rí ẹ̀sín, kò kú. Ká ní ó kú, ìwọ dà?"

Ọjọ́ tiwa pé, ó sì bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Gbogbo Apá Òkun wá jókòó, Kpodo wà níwájú wọn, ó ká ẹsẹ̀ lé ara. Mo jókòó lórí àpótí Lebene. Ìrù ẹṣin wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń wúwo. Fiagbe bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀, pé irọ́ ni, pé ìyá Kpodo ló ń jí ẹja nínú àwọ̀n. A gbè é. Ohùn wa kò jáde, torí kò sẹ́ni tó gba orin náà gbọ́ nínú wa. Mo na ìrù sókè, àwọn kan dákẹ́, àwọn kan ṣì ń kọ lọ. Apá Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láì tíì dé ẹsẹ kejì.

Ìgbà yẹn ni agbo là sí méjì lẹ́yìn wa.

Lebene ló ń bọ̀. Ó ró aṣọ funfun mọ́ àyà, èjìká rẹ̀ wà ní ìhòòhò, òróró ń dán lára rẹ̀. Ó di Tasi lọ́wọ́ mú, arúgbó náà ń rìn díẹ̀díẹ̀, òun náà ń rìn díẹ̀díẹ̀. Kò wo ẹ̀gbẹ́, kò wo ẹ̀yìn. Enyo ló ru àga kékeré Tasi tẹ̀ lé wọn. Ó ti wẹjú.

Togbui Avege dìde. "Lebene! Kí lò ń ṣe?"

"Ọjọ́ wa ni, Togbui. Ọmọ Apá Ọ̀sà ni mí. Àbí ẹ ti bá mi gbé ìyẹn náà lọ?"

Togbui jókòó.

Lebene fi Tasi lé orí àga, ó jáde sí àárín agbo, ó dúró síwájú Kpodo. Kò pariwo. Orin Kpodo gan-an ló mú, ohùn orin náà gan-an, ṣùgbọ́n ó fà á gùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

"Ẹ má bi Ìyá Orin léèrè mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló dé.
Agbọ̀n mẹ́rin ni, Kpodo, kì í ṣe mẹ́ta,
Wọ́n sì kún dẹ́nu!
Lamisi lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọjọ́bọ̀,
Òòró ló dúró gbé omi fún ìyálé.
Ẹni tó tà á dà? Ó ti kú.
Ẹni tó rà á dà? Ó ti jẹrà.
Iyọ̀ ńkọ́? Iyọ̀ ti yọ́.
Iyọ̀ ti yọ́, Kpodo, èmi rèé."

O lè gbọ́ ìró òkun. Àwọn onílù gbé ọwọ́ sókè, wọn ò mọ ibi tí wọn ó sọ ọ́ sí. Orin kò sì lè dúró lórí ẹnì kan; ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń gbè é. Lebene dúró. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò yí padà, ó sì tún dé ibi tí ó ti ń retí wa: "Iyọ̀ ńkọ́?"

N ò rántí pé mo rò ó. Mo kàn rí i pé mo ti dìde kúrò lórí àpótí, ìrù ẹṣin ti bọ́ sílẹ̀, mo sì ń pariwo débi tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí: "Iyọ̀ ti yọ́!"

Ó yíjú, ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú un lẹ́ẹ̀kẹta, ogójì obìnrin sì gbè é, àwọn onílù sì rí ọ̀nà wọn.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, Kpodo kò rò ó, Fiagbe kò rò ó, Lebene fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun kò rò ó. Arúgbó kan dìde ní Apá Òkun, lójú gbogbo ènìyàn, ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kígbe pé:

"Tèmi, ìbọn ni! Ìbọn kan ni wọ́n fi ra ìyá ìyá mi! Kò sì yìn!"

Ẹ̀rín bú, omi ń dà lójú arúgbó náà. Òmíràn dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Aṣọ méjì àti ìgò ọtí ni tèmi!" Láti ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin Apá Ọ̀sà, bàbá Fiagbe, ẹni tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí níbi halo, na ọ̀pá sókè: "Wọn ò sọ iye tèmi fún mi o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n rà á!" Wọ́n ń dìde lọ́tùn-ún lósì. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gba àgbò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dìde lọ́jọ́ yẹn, àgbò kankan kò ní kù láti ìlú wa dé ẹnu odò. Gbogbo ọdún tí a fi gbé pọ̀, oníkálukú ti kó ìyá àgbà tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ẹní, ó rò pé ilé òun nìkan ni. Tasi jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń ka wọn lórí ìka bí wọ́n ṣe ń dìde, ìka rẹ̀ sì tán.

Kpodo dìde kẹ́yìn gbogbo wọn. Ó fa aṣọ èjìká rẹ̀ wálẹ̀ dé ìbàdí, bí ọkùnrin ṣe ń ṣe níwájú àgbà, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí orin fi parí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo gbé àpótí náà lọ sí ẹnu ọ̀nà Lebene. Togbui ti rán mi pé kí n rọra gbé e lọ kí ènìyàn tó jí.

"Gbé e padà," ni Lebene wí.

"Lebene, jọ̀ọ́..."

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí. Lójú oòrùn ni Togbui fi gbé e jáde nílé mi, ó gba àárín oko kọjá. Kó gbé e padà gba ibẹ̀, ní wákàtí yẹn kan náà."

Togbui Avege bínú fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ní àsìkò ìbomirin, ó gbé e fúnra rẹ̀. Arúgbó ni, àpótí náà sì wúwo. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà. Gbogbo obìnrin nàró pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, Lebene kúnlẹ̀ fún un, ó bu omi tútù fún un, ó sì pè é ní bàbá.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo tó lè lọ bá a ní oko. Mo dúró sí orí ebè, ọwọ́ mi wà lẹ́yìn. Ó ń bomi rin àlùbọ́sà rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Lebene, mo jókòó lé e."

"Mo rí ọ."

"Inú mi dùn nígbà tí mo jókòó lé e."

"Ìyẹn náà, mo rí i." Ó da omi sí ẹsẹ̀ ebè kan. "Ìdí ẹ ò kún un. O dà bí òròmọdìẹ tó sàba lé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ."

N ò mọ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Méjèèjì ló jáde.

"O sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn, Kosiwa. Ìyẹn dùn mí ju Kpodo lọ."

"Mo mọ̀."

"Ó dáa bí o ṣe mọ̀ ọ́n." Ó nawọ́ korobá kejì sí mi. "Ìlà tìẹ nìyẹn, láti ibí dé ibi igi àgbọn. Má dà á jù, àlùbọ́sà ń jẹrà."

Mo bomi rin ebè Lebene fún odidi oṣù kan. Kò ní kí n ṣe é ju ọjọ́ kan lọ.

Kpodo náà wá, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ kan wa ilẹ̀.

"Lebene, iṣẹ́ ni mo bá wá. Mo ti kọ orin tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo ti rí ẹni tó bínú sí i, mo ti rí ẹni tó kó kúrò nílùú nítorí rẹ̀. N ò tíì rí ẹni tó mú un lọ́wọ́ mi, tó ró o bí aṣọ."

"Ó bá mi mu ni."

"Ẹsẹ ìparí yẹn, ṣé o lè bá mi tún un kọ? N ò rí i mú dáadáa."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìyá àgbà tèmi," ni Kpodo wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lebene sì gbé korobá kalẹ̀, ó kọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta, títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìjọba fi òfin de halo, torí pé àwọn ìlú mìíràn ti sọ ọ́ di ìjà àdá. Kò dùn wá. Enyo lọ́kọ, ó bí obìnrin ní ọjọ́ Àìkú, ó sì sọ ọ́ ní Lamisi síbẹ̀síbẹ̀. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ ní orúkọ náà ò bá ọjọ́ mu, Enyo ní kò sí èyí tó kàn án.

Lebene kú ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Àdúgbò méjèèjì ló sin ín. Kpodo ti di arúgbó tí kò ríran mọ́. Wọ́n ní kó jókòó, ó ní àfi kí wọ́n fa òun dé ẹ̀gbẹ́ pósí. Ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa dákẹ́. Ó ní òun kò ní pẹ́, òun kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn mọ̀ pé òun Kpodo ni òun kọ́kọ́ kọ orin iyọ̀.

Àwọn obìnrin Apá Òkun, àwọn ènìyàn rẹ̀ gan-an, ni wọ́n kọ́kọ́ hó lé e lórí:

"Irọ́ lo pa! Lebene ló ni ín!"